Ẹ̀yin tó ń gbẹ́ òkúta, irinṣẹ́ wo gan-an ni mo nílò láti bẹ̀rẹ̀?

Agbẹ́giKékeré
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Igi ni mò ń gbẹ́ látọjọ́ yìí, ọwọ́ mi sì ti mọ igi dáadáa, àmọ́ òkúta ló wá ń wù mí báyìí. Òkúta funfun kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹni tó fún mi sọ pé mábù ni, ó ga tó 30cm, ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ náà, orí èèyàn ni mo fẹ́ gbẹ́ jáde níbẹ̀. Ṣé mo lè lo ṣísẹ́lì tí mo fi ń gbẹ́ igi? Tí ò bá ṣe é lò, èwo ni kí n kọ́kọ́ rà, mi ò fẹ́ kó irin tí mi ò ní lò jọ. Gíráńdà, ẹ̀rọ tó ń yí bíléèdì gé nǹkan, ńkọ́, ṣé dandan ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Òkúta_ò_gbẹ̀bẹ̀
Fi ṣísẹ́lì igi yẹn síbi tó wà o. Irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi, ẹnu ẹ̀ tín-ín-rín, gígé ló ń gé. Òkúta ò ṣe é gé bẹ́ẹ̀, fífọ́ là ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí irin òkúta fi nípọn lẹ́nu. Tóo bá fi ti igi kàn án, ẹnu ẹ̀ á kán, èyí tó kán yẹn sì lè fò sí ẹ lójú.

Ohun tí mo máa ní kóo rà ò pọ̀. Òòlù onírin kan tó wọ̀n tó bíi kílò kan, ṣísẹ́lì ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan, eléyín kan, ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ kan, fáìlì eléyín ńlá kan. Ó parí. Èyí tó kù, bí iṣẹ́ bá ṣe ń béèrè ẹ̀ ni kóo máa rà á.

Ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló máa kó èyí tó pọ̀ jù kúrò. Kóo fi la poro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ti oko, kóo wá gbá ebè tó kù láàárín poro méjì, á ṣí kúrò wẹ́rẹ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ojú kan ni wọ́n máa ń dúró sí tí wọ́n á máa gbẹ́ kòtò, òkúta á wá rí jágajàga, apá á ti ro wọ́n, wọn ò sì tíì kó nǹkan kan kúrò. Tóo bá ti ń sún mọ́ ojú tóo fẹ́, gbé eléyín. Máa gbé e lọ sápá ọ̀tún fún ìgbà kan, kóo tún wá fi dábùú èyí tóo ti ṣe, ojú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́jú, wàá sì rí ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. Pẹlẹbẹ ló máa wá nu ojú eyín yẹn kúrò. Fáìlì ló kàn, lẹ́yìn náà sáńpépà.

Tóo bá fẹ́ rí i pé irọ́ kọ́ ni mò ń pa, wá fọ́tò àwọn ère ẹrú tí Michelangelo, agbẹ́re ará Ítálì ayé àtijọ́, ò parí, tó wà ní ilé ọnà Accademia ní Florence ní Ítálì. Ojú irin eléyín ṣì wà lára wọn títí dòní, níbòmíì wàá rí ti ṣóńṣó. Mi ò rí olùkọ́ tó dáa ju fọ́tò yẹn lọ.

Ìyá_Oníṣísẹ́lì
Ọmọ mi, kó tó di pé o ra irin kankan, ta ló sọ pé mábù ni? Gbogbo òkúta tó bá ti funfun ni wọ́n ń pè ní mábù. Irin tóo máa lò, bí wàá ṣe gbá a, ibi tóo máa gbé ère sí tóo bá parí, gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ irú òkúta tó jẹ́.

Èékánná ni kóo kọ́kọ́ fi ha á níbi tí kò hàn. Tí èékánná bá fi ojú sílẹ̀, mábù kọ́ nìyẹn. Nínú òṣùwọ̀n líle òkúta tí wọ́n ń pè ní Mohs, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, èékánná wà ní bíi 2.5, mábù wà ní bíi 3. Lẹ́yìn náà kán fínígà díẹ̀ sí i. Mábù àti òkúta ẹfun máa hó, kódà bí kò hó púpọ̀ wàá rí i tó ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́, pàápàá tóo bá kọ́kọ́ ha ibẹ̀ kó di lẹ́búlẹ́bú. Tí èékánná bá ha á, tí kò hó, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bíi pé wọ́n fi ọ̀rá pa á, soapstone ni, òkúta rírọ̀ kan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Tí kò yọ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ alabásítà, òkúta rírọ̀ míì.

Èkejì, gbọ́ ohùn ẹ̀. Gbé e lé orí igi, fi òòlù kékeré kàn án wẹ́rẹ́ káàkiri. Èyí tára ẹ̀ dá á dún gooro. Tó bá dún bọ̀kù níbì kan, ó ti sán nínú níbẹ̀. Da omi sí i lára náà kóo jẹ́ kó máa gbẹ, ibi tó sán máa ń mu omi pa mọ́, ara òkúta á ti gbẹ tán, ìlà yẹn á ṣì dúdú. Má fojú kéré ẹ̀ o. Òbélísìkì kan, òpó òkúta gígùn, wà nílẹ̀ ní Aswan ní Íjíbítì títí dòní, ó gùn tó bíi mítà 42, wọ́n ti gbẹ́ ẹ lọ jìnnà kí wọ́n tó rí i pé ó sán, ibẹ̀ ni wọ́n fi í sí.

Ẹrùkù_Lọ̀tá
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ irin, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ imú. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí n tó lọ.

Eruku òkúta kì í ṣe eruku ilẹ̀ lásán. Èyí tó burú jù nínú ẹ̀ ni sílíkà, ó pọ̀ nínú gíráníìtì àti òkúta oníyanrìn, èyí tó kéré jù nínú eruku yẹn ojú ò lè rí i, òun ló sì ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jìnnà. Á wá dápàá síbẹ̀. Silicosis ni wọ́n ń pe àìsàn yẹn, kò lóògùn tó lè dá ẹ̀dọ̀fóró padà sí bó ṣe wà. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 fún àwọn òṣìṣẹ́ ní kí sílíkà tí wọ́n ń mí símú má kọjá 50 microgram (microgram kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù giramu) nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan láàárín wákàtí 8. Ẹ wo bó ṣe kéré tó.

Mábù àti alabásítà ò ní sílíkà púpọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ò mọ ohun tó pa pọ̀ mọ́ ọn, eruku tó pọ̀ nínú àyà kì í sì í ṣe nǹkan tó dáa. Soapstone ńkọ́? Àwọn kan ní asbestos nínú. Tóo bá fẹ́ rà á, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò bá lè dá ẹ lóhùn, má rà á.

Nítorí náà, ìbòmú tó ní fílítà gidi, N95 ló kéré jù, FFP3 tàbí P100 ló dáa (orúkọ ìpele fílítà nìyẹn). Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ojú, ẹ̀yin onírùngbọ̀n ẹ ronú sí i. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́, kí atẹ́gùn wá látẹ̀yìn yín tàbí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá eruku, ẹ wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ tó kó o. Aṣọ iṣẹ́ yẹn náà, ẹ má wọ̀ ọ́ wọlé bá àwọn ọmọ.

Jẹ́jẹ́lòlọ
Èmi aṣọ ni mo máa ń so mọ́mú o, kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Ẹrùkù_Lọ̀tá
Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe lónìí ló ń ṣeni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń gbà kó tó yọjú, tó bá sì yọjú, kò sí bá a ṣe lè bẹ̀ ẹ́. Aṣọ ò lè mú èyí tó kéré yẹn. Ẹ ra ìbòmú.

Ọmọ_Carrara
Mo fẹ́ fi kún ti Òkúta_ò_gbẹ̀bẹ̀. Bóo ṣe gbé irin lé òkúta ló ṣe pàtàkì ju irú irin tó jẹ́ lọ. Tóo bá nà án dúró gán-ńgán, agbára òòlù á wọnú òkúta lọ tààrà, lára mábù á fi ojú funfun kan sílẹ̀ tó jìn, o ò ní rí i dáadáa àfìgbà tóo bá ń dán an, nígbà yẹn ló máa wá hàn tòò, kò sì sí sáńpépà tó lè mú un kúrò àfi kóo gbẹ́ gbogbo ojú yẹn wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fi ṣóńṣó sílẹ̀ nígbà tó bá ṣì ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan ká dé ojú tá a fẹ́. Tóo bá sì dà á dùbúlẹ̀ jù, á kàn máa yọ̀ lórí òkúta ni. Dígírì 45 sí 60 ni mo máa ń lò, ibi tó bá ti ń fọ́ dáadáa ni kóo dúró sí.

Má dì í mú gírígírí. Ọwọ́ tó di irin mú kó rọ̀, kí òòlù ṣe iṣẹ́. Ẹnu irin ni kóo máa wò o, kì í ṣe orí ẹ̀ tí òòlù ń bà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bani lákọ̀ọ́kọ́.

Òkúta_ò_gbẹ̀bẹ̀
Mo gbà, àmọ́ fún òkúta tó le, 45 ti kéré jù. Bí òkúta bá ṣe ń le sí i ni irin á máa nà dúró sí i. Ẹni tó ń gbẹ́ gíráníìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà án dúró tán ni, torí lílù ló ń lù ú di lẹ́búlẹ́bú, kò ní ṣí fún un ní pẹlẹbẹ.

Ọmọ_Carrara
Gíráníìtì lọ́tọ̀, mábù ni ọ̀rẹ́ wa ń sọ jàre.

Agbẹ́giKékeré
Ẹ ṣé gan-an. Ìyá, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ mà. Èékánná ha á!! Ó fi ojú sílẹ̀ kedere. Fínígà ò hó rárá, mo tún ha ibẹ̀ kí n tó kán an sí i bẹ́ẹ̀ ò hó. Kò yọ̀ lọ́wọ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i létí ibi tó tín-ín-rín, iná ń là á kọjá díẹ̀. Kí ni kí n ṣe báyìí, ṣé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ ni?

Ìyá_Oníṣísẹ́lì
Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Alabásítà ni, òkúta tó dáa fún ẹni tó ń ti orí igi bọ̀ sórí òkúta sì ni. Rírọ̀ ẹ̀ yẹn ló máa jẹ́ kóo kọ́ bí ojú ṣe ń yí láìjẹ́ pé apá ẹ kọ́kọ́ bọ́. Àmọ́ àwọn nǹkan kan máa yí padà.

Òòlù kílò kan ti pọ̀ jù fún un, wá 500 sí 700 giramu, fi ṣóńṣó kó èyí tó pọ̀ kúrò, má sì fi agbára gbá a torí òun náà máa ń gba ojú funfun yẹn. Fáìlì ló máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, nítorí náà tóo bá lówó kékeré, orí fáìlì ni kóo ná an sí, èyí tó ní eyín ńlá kan, èyí tó tẹ̀ róbótó kan, àti àwọn wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ lẹ́nu fún ihò imú àti ẹ̀yìn etí. Àárín eyín wọn máa ń kún, búrọ́ọ̀ṣì onírin ni kóo máa fi gbọ̀n ọ́n.

Má gbé e síta tóo bá parí. Alabásítà máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú omi, òjò á jẹ ojú ẹ̀. Má sì rẹ òkúta náà sómi mọ́jú kí ó lè rọ̀ bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Wíwọ́n omi sí i nígbà tóo bá ń fi sáńpépà ra á ò ṣe nǹkan kan, kóo ṣáà nù ún gbẹ lẹ́yìn ẹ̀.

Iná tó ń là á kọjá yẹn sì dáa, ronú sí i kóo tó gbẹ́ ẹ. Ibi tóo bá fi tín-ín-rín, bí etí àti imú, á mọ́lẹ̀ ju ibi tó nípọn lọ, á sì lè da òjìji rú. Èmi ò fẹ́ràn kí n fi alabásítà tó ń là gbẹ́ ojú tó ní wrinkle púpọ̀, kì í hàn dáadáa. Ojú ọ̀dọ́, tó yí, tó rọ, ló máa ń bá a mu.

Jẹ́jẹ́lòlọ
30cm níbi gbogbo, ẹ rántí pé ó wúwo o! Mábù tó tó bẹ́ẹ̀ máa tó kílò 73, alabásítà máa tó bíi 62. Kò gbọdọ̀ dá gbé e. Àpò tó kún fún iyanrìn ni kó gbé e lé, iyanrìn á gba ara ẹ̀, kò ní máa sá kiri nígbà tó bá ń gbá a, kò sì ní kán níbi tó bá fara lé tábìlì. Kí tábìlì ga dé ìgbọ̀nwọ́ ẹ tàbí kó lé díẹ̀, ẹ̀yìn ẹ á dúpẹ́.

Agbẹ́giKékeré
Gíráńdà wá ńkọ́, ẹ ò tíì dáhùn.

Ọmọ_Carrara
Fún èyí? Má rà á.

Kíákíá_Loògùn
Ah ah, kí ló dé tí ò fi ní rà á? Èmi gíráńdà 115mm pẹ̀lú bíléèdì dáyámọ́ńdì ni mo fi ń ṣe ìdajì iṣẹ́ mi, mo máa fi gé ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi ìka kan síra, dé ibi tó jìn tó bí mo ṣe fẹ́, màá wá fi ṣísẹ́lì gbá àwọn pẹlẹbẹ tó dúró yẹn, wọ́n á máa kán wálẹ̀ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ohun tí òòlù máa fi odindi ọjọ́ ṣe á ti parí kí oòrùn tó gun àtàrí. Àwọn tó ń sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ṣé ọwọ́ kọ́ ni mo fi di gíráńdà mú ni?

Ọmọ_Carrara
Èmi ò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Mo ní kò dáa fún alabásítà lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Gíráńdà tó gbóná máa lé omi tó wà nínú alabásítà fúnra ẹ̀ jáde, ibẹ̀ á wá funfun gbuu, iná ò ní là á mọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó yá jù fún ojú. Tóo bá ti gé e kọjá, ó ti kọjá nìyẹn.

Kíákíá_Loògùn
Ìyẹn bọ́gbọ́n mu, mi ò jiyàn. Ẹni tó bá máa lò ó fún mábù tàbí òkúta ẹfun lọ́jọ́ iwájú sha, ẹ jẹ́ kó mọ̀: má yọ ìbòrí tó wà lára ẹ̀ láé, wo iye yíyí tí wọ́n kọ sára bíléèdì kó ju ti ẹ̀rọ lọ (àwọn 115mm ń yí tó bíi 11,000 ní ìṣẹ́jú kan), di í mú lọ́wọ́ méjèèjì, má yí bíléèdì tó ti wọnú òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ torí ìgbà yẹn ló máa ń ta padà sí èèyàn. Ẹ di etí, ẹ wọ gógù. Ẹrùkù_Lọ̀tá ti sọ ti imú, gíráńdà ló ń da eruku jù nínú gbogbo irinṣẹ́ wa, ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n lójoojúmọ́ náà máa ń kú ní orí ìka nígbà tó bá yá, nítorí náà ẹ máa sinmi.

IrinPupa
Irin ni iṣẹ́ tèmi, torí náà ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ nípa irin. Ṣísẹ́lì tó kú ló ń mú kí èèyàn fi agbára gbá òkúta, agbára yẹn ló sì ń kán ère. Ẹ máa pọ́n ọn kó tó kú pátápátá. Tẹ́ ẹ bá ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọn, ẹ máa rì í sómi léraléra, tí ẹnu ẹ̀ bá ti di aró, líle ẹ̀ ti lọ. Kẹ́ ẹ tó lè dá a padà, ẹ fi iná sun ẹnu ẹ̀ kó pupa bí ẹ̀yin iná, rì í sómi, ó ti le báyìí àmọ́ ó máa ń kán. Ẹ wá nu ún kó dán, fi iná díẹ̀ sí i lẹ́yìn, wo àwọ̀ tó ń rìn bọ̀ lẹ́nu, tó bá ti pọ́n bíi koríko gbígbẹ ẹ rì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wà níbi bíi 220 sí 240 dígírì nígbà yẹn.

Ṣísẹ́lì tí wọ́n fi kábáìdì ṣe ẹnu ẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ má fi iná sun ún. Ẹnu ẹ̀ le gan-an, ó dáa fún gíráníìtì, àmọ́ ó máa ń kán tẹ́ ẹ bá fi gbé nǹkan tàbí fi yẹ nǹkan. Òkúta ìpọ́nrin lásán ò ràn án, dáyámọ́ńdì tàbí aláwọ̀ ewé tó jẹ́ silicon carbide ló ń pọ́n ọn.

Orí ṣísẹ́lì tó ti ya bí olú, ẹ fi gíráńdà kó o kúrò. Ẹ̀rún irin tó ń jáde níbẹ̀ burú ju ẹ̀rún òkúta lọ.

Agbẹ́giKékeré
Mo ti gba tọkàntọkàn. Ìbéèrè kan ló kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyẹn ló ń dá mi lágara jù. Lórí igi mo mọ bí màá ṣe tún un ṣe tí mo bá ṣì í gbẹ́. Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tí imú máa bọ́ sí kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ? Ọrùn náà ń kọ́ mi lóminú, ó tín-ín-rín, orí wúwo.

Ìyá_Oníṣísẹ́lì
Fi amọ̀ mọ ọ́n lákọ̀ọ́kọ́, kó tóbi tó bí ère ṣe máa tóbi, tàbí ìdajì ẹ̀. Wá kọ́ńpásì ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó tẹ̀, tí wọ́n fi ń wọn nǹkan yíyí, wọn ibi mẹ́ta tó máa fi ara hàn jù, orí imú, àgbọ̀n, ẹ̀yìn orí. Ibi tó yọ jáde jù ni kóo kọ́kọ́ wá, tóo bá ti gbé imú àti àgbọ̀n kalẹ̀, gbogbo nǹkan tó kù wà lẹ́yìn wọn, kò sí bí wọ́n ṣe máa jáde ju wọn lọ. Fa ìlà kan gba àárín ojú wá sísàlẹ̀, kóo máa fi pẹ́ńsùlù tún un fà bó bá ti pa, torí gbogbo bóo bá ṣe ń gbẹ́ ẹ ló ń lọ. Imú kó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ títí di ọjọ́ tó gbẹ̀yìn.

Ọrùn, fi òkúta sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Irun, ìborùn, tàbí kó jẹ́ pé o kàn fi odindi òkúta sílẹ̀ níbẹ̀ láìgbẹ́, kò burú. Tí ọrùn bá gbọ́dọ̀ dá wà, fi ṣe iṣẹ́ tó kẹ́yìn, kóo má sì gbá a mọ́ lẹ́yìn tóo bá ti sọ ọ́ di tín-ín-rín, fáìlì nìkan.

Kíákíá_Loògùn
Tí nǹkan bá kán, gọ́ọ̀mù epoxy àti ọ̀pá irin tí kì í dípàtà ni ẹ fi so ó. Ẹ má fi irin lásán ṣe é, tó bá dípàtà á wú, á sì là òkúta láti inú.

Agbẹ́giKékeré
Dídán ńkọ́?

Ọmọ_Carrara
Sáńpépà tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú omi, bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 120 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ojú ẹ̀ ń kúnná), kóo lọ 220, 400, 600, 800, 1200. Má fo ọ̀kankan. Ojú tí 120 bá fi sílẹ̀, 400 ò lè kó o kúrò, á kàn máa dán an kó tún hàn sí i ni. Kóo tó kúrò lórí kan lọ sí èkejì, fọ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, wò ó lábẹ́ iná tó wá láti ẹ̀gbẹ́, tóo bá rí ìlà, pa dà sẹ́yìn. Lẹ́yìn 1200, ìda tí kò ní àwọ̀, fi aṣọ rírọ̀ ra á wọ inú, jẹ́ kó jókòó, kóo wá nù ún títí á fi dán. Àwọn tó ń fi ásíìdì ọ́sálíìkì dán mábù, májèlé ni, kì í sì í ṣe ti alabásítà, fi í sílẹ̀.

Má sì rò pé gbogbo ibi ló gbọ́dọ̀ dán o. Irun tóo bá fi ojú eléyín sílẹ̀ lára ẹ̀, tí ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń kọ mànà, á dáa ju kí gbogbo ẹ̀ máa dán lọ, èmi ni tèmi nìyẹn.

Agbẹ́giKékeré
Ó yé mi. Màá wá òòlù 600 giramu àti àwọn fáìlì yẹn, ìbòmú ni mo máa kọ́kọ́ rà sha kí Ẹrùkù_Lọ̀tá má bàa bú mi.

Ẹrùkù_Lọ̀tá
P100 o. Mo ń wò ẹ́.